Aago Tó Ní Kí N Jókòó

Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀,
Ìkirè.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Humairah ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

Sàláámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé orúnkún ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Mo bẹ Ọlọ́run Ọba pé kí ìwé yìí bá ọ níbi tí o jókòó sí, kó má bá ọ lórí ìrìn, kó má sì bá ọ lórí eré. Bó bá jẹ́ pé orí ìdúró lo wà bí o ṣe ń ka èyí, jọ̀ọ́, wá ibì kan fìdí lé kí o tó ka ìyókù. Ẹsẹ̀ tó gbé ọ jáde nílé kò ní dá ọ dúró lọ́nà. Àwọn tó ń retí ìṣubú rẹ, orí ìdúró ni wọn yóò máa bá ọ, àfi tó bá jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo yàn láti jókòó. Àmín.

Gbogbo wa nílé wà dáadáa. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, oko Ararọ̀mí-Òwu ni wọ́n wà láti àárọ̀, wọ́n ní àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí a gbìn lọ́dún tó kọjá ti ń yọ ọmọ. Ewúrẹ́ funfun tó máa ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ti bí mẹ́ta, ọjọ́ kejì ló ti dìde tó tún padà sídìí èèpo, òun náà ò gbọ́ pé wọ́n ń sinmi lẹ́yìn iṣẹ́ ńlá. Edith, ìyá Ọláníyì, tí àtẹ dòdò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi níbùdókọ̀, kí ọ púpọ̀púpọ̀, òun ló bá mi ra bébà tí mo ń kọ ìwé yìí sí, ó sì ní kí n má ṣe kọ ọ̀rọ̀ òun síbẹ̀, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé o máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí màámi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, fóònù sì máa ń já síbi tó bá dùn. Ìkejì ni pé Kóòṣì Barnabas ti sọ tẹnu rẹ̀ fún ọ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ku tẹnu mi, nítorí agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ pátápátá, torí bàbá rẹ ní àwọn máa ka lẹ́tà náà kí ó tó kúrò nílé, wọn ò sì fẹ́ kí n fo ibì kankan.

Nígbà tí o wá sílé pẹ̀lú irin róbótó tó ń dán tí wọ́n fi okùn kọ́ sí ọ lọ́rùn, o ní eré onímẹ́ta lo sá. O ní wọ́n kọ́kọ́ ní kí ẹ kó sínú omi, ẹ sì wẹ̀ ẹ́ já. Nígbà tí ẹ jáde, dípò kí wọ́n fún yín láṣọ gbígbẹ àti ẹ̀kọ gbígbóná, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ní kí ẹ gùn, ẹ sì gùn ún ní ìrìn tó tó láti Ìkirè dé Ìbàdàn. Ẹ tún wá gùn ún tán, wọ́n gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ yín, wọ́n ní ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi sáré dé ibi tó kù. Bàbá rẹ wá bi ọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ṣẹ̀ wọ́n. O bú sẹ́rìn-ín, o ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀, ìwọ lo lọ forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ, o sì sanwó lé e. Bàbá rẹ ò jẹ oúnjẹ wọn tán lọ́jọ́ náà. Èmi mọ̀ pé ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Mo kàn ń wò ọ́ pé bóyá màá rí ejò náà.

Lẹ́yìn náà lo sọ pé kóòṣì tó ń kọ́ yín léré ní kí o sinmi. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, eré kankan ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, kí orúnkún ọ̀tún tó wú yẹn lè padà bọ̀ sípò, kí ara tó ti já sí wẹ́wẹ́ lè ran ara rẹ̀. O ní lẹ́yìn ìgbà náà ni ìmúrasílẹ̀ fún máratọ́ọ̀nù máa bẹ̀rẹ̀, ìyẹn eré tí èèyàn á sá láti ọ̀dọ̀ wa dé Ifẹ̀ láìwọ ọkọ̀, tí o sì ti ń lá àlá rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Kóòṣì ní bí o bá fi sáré kí ọjọ́ tó pé, òun á yọ orúkọ rẹ kúrò nínú àwọn tí òun máa kọ́. Mo ní ìyẹn ò le. Mo ní kí ló tún rọrùn ju ìsinmi lọ?

Humairah, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, a kírun àsùbáà tán, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ọ. Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ rí ọ. Wọ́n ń lọ sóko ní tiwọn, wọ́n rí ẹnìkan tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà Àpòmù bí ẹni tí wọ́n ń lé, wọ́n bá yà sínú igbó, wọ́n ní ohun tó ń lé ẹni yìí, kó má bá àwọn lójú títì. Ìgbà tí o kọjá tán ni wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ àwọn ni. Mo gba bàtà eré náà lọ́wọ́ rẹ, mo rì í mọ́ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò dí ọ lọ́wọ́. O gbá àgbàlá wa, o gbá ti àwọn ará iwájú, o pọn omi kún gbogbo dúrọ́ọ̀mù, o tún pọn ti ìyá Ọláníyì tí kò bẹ̀ ọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí mo fi agbára fà ọ́ jókòó lórí ẹní, ńṣe lo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. O ní màámi, bí mo bá jókòó báyìí, ó máa ń ṣe mí bí ẹni tó ń jalè.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí láyà, kò sì jáde títí di ọ̀sẹ̀ yìí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà lo padà sí Èkó. Kí o tó wọkọ̀, o bọ́ aago ọwọ́ rẹ, o kó o fún mi pẹ̀lú fóònù àtijọ́ tí o so ó mọ́. O ní kí n bá ọ pa á mọ́ títí ọjọ́ á fi pé, torí bó bá wà lọ́wọ́ rẹ, yóò máa pè ọ́ síta. Mo gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo ṣèlérí fún ọ pé ohunkóhun ò ní ṣe é.

Ibí yìí ni Kóòṣì Barnabas ti ní mo ṣàṣìṣe, ìwọ náà sì ti fi mí rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ṣùgbọ́n gbọ́ ìdí rẹ̀. Bàbá tó bí bàbá rẹ ní aago ọwọ́ kan nígbà ayé wọn, aago olówó iyebíye, kò sí ẹni tó ń yí i, ara tí wọ́n so ó mọ́ ló ń bá a mí. Bí wọ́n bá bọ́ ọ kalẹ̀ fún ọjọ́ méjì, á kú fin-ín. Ojú mi ló ṣe. Nígbà tí o wá gbé aago lé mi lọ́wọ́ pé kí n pa á mọ́, ṣé inú àpótí ni màá sọ ọ́ sí kó lọ kú? Mo sì ti gbọ́ tí o sọ pé aago yẹn ló ń bá ọ ka gbogbo nǹkan. Mo ní òun ló ń ka ọjọ́ ìsinmi ọmọ mi. Tó bá wá kú ní ọjọ́ kẹwàá ńkọ́? Á wá dà bí ẹni tó jẹ ààwẹ̀ Ramadan kan, dandan ni kó san án padà. Mi ò fẹ́ kí o san ìsinmi kankan padà, èyí tó wà nílẹ̀ gan-an, o ò tíì rí i gbé.

Bí mo ṣe so ó mọ́ ọwọ́ òsì mi nìyẹn. Àlùwàlá àti dòdò díndín nìkan ni mo ń bọ́ ọ fún. Mo máa ń gbé e sórí ṣáàjà òun àti fóònù rẹ̀ tí mo bá ti ń dín dòdò, kí epo má ta sí wọn lára. Tí mo bá dín in tán, màá so aago, màá ju fóònù sí àpò ìdí mi, mo gbé àtẹ, ó di títì.

O mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ kì í dúró pẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu fèrèsé ló ń tà. Nítorí náà, a kì í dúró de ọkọ̀, bó bá ti ń dẹ̀rọ̀ la ti ń sá lọ pàdé rẹ̀, tó bá sì ṣí kí wọ́n tó sanwó tán, a ó sá tẹ̀lé e. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n rèé. Ọjọ́ kìíní tí mo so aago, oòrùn ò tíì gun àtàrí nígbà tó gbọ̀n mí lọ́wọ́, iná aláràbarà bẹ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Mo fi han ìyá Ọláníyì tó kàwé jù mí lọ, ó wọ awò ojú, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló kọ, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé o káre. Inú mi dùn. Mo ní Humairah ti ń sinmi ní Èkó nìyẹn o. Nígbà tó máa fi di ìrun alásárì, ó ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Mo délé, mo sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ yín ti sinmi ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lónìí nìkan. Wọ́n ní àlùhámúdùlíláì. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ìsinmi lè tó báyẹn lára ẹnìkan. Ojoojúmọ́ ni mo ń mú ìròyìn wá fún wọn. Ọjọ́ tí ọjà ń ná, tí ọkọ̀ pọ̀, ó ń lé ní ọgbọ̀n, a ó ní ara ọmọ wa ti ń balẹ̀. Ọjọ́ tí òjò rọ̀, tí mo dúró lábẹ́ bùkà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin péré ló kọ, bàbá rẹ ò sùn dáadáa, wọ́n ní kí n pè ọ́ kí n bi ọ́ bóyá o tún ti ń rìn kiri. Mo pè ọ́. O ní orí ibùsùn lo wà láti àárọ̀. Mi ò gbà ọ́ gbọ́ tán lọ́jọ́ náà, jọ̀ọ́, foríjì mí.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì ni aago bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọkọ̀ kan dé iwájú ilé epo, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbọ̀n, ọ̀rọ̀ òyìnbó hàn lójú rẹ̀. Mo sáré gbé e lọ bá ìyá Ọláníyì. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá wò mí lójú. Ó ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí n jókòó. Mo ní kí n ṣe kí ni? Ó ní jókòó ló wí, ó ní ò ń pa ara rẹ, ó ní sinmi, mo bẹ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún wí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó ní kí ló ń lé ọ tí o ò lè dúró?

Àwẹ̀ró, mo ti mọ̀ báyìí pé Kóòṣì Barnabas ló ń kọ ọ́ sí ọ. Nígbà náà, mi ò mọ̀. Mo rò pé aago ló ń bá èmi wí. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ń fojú rí ohun tí mò ń ṣe, iná aláwọ̀ ewé tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọjú wo ẹ̀jẹ̀ mi látọ̀sán-dòru, mo ní bóyá àánú mi ló ṣe é. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, wọ́n ti sọ fún mi pé kí n yára, wọ́n ti sọ fún mi pé kí n mú ṣéńjì wá, kò sí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi rí pé kí n jókòó. Mo lọ sẹ́yìn bùkà, mo fi etí ìborùn nu ojú. Mo wá bi aago pé tí mo bá jókòó, ta ló máa tà á? Ọkọ̀ Iléṣà kan sì ń dẹ̀rọ̀, mo gbé àtẹ mi.

O ò sọ fún mi pé ní gbogbo àkókò yẹn, ìjà ń lọ láàrin ìwọ àti kóòṣì. Ìbàdàn ló ń gbé, orí fóònù ló ti ń kọ́ yín, ohun tí aago bá sọ fún un nípa yín ló mọ̀. Ìwọ ń sọ fún un pé Èkó lo wà, o dùbúlẹ̀, aago rẹ sì wà nínú àpótí ìyá rẹ. Aago ń sọ fún un pé o wà ní Ìkirè, ò ń sáré láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó gba aago gbọ́. Ó ní gbogbo eléré ló ń purọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n sinmi, òun náà ti pa á rí. Ó sì ti kọ ọ́ sí ọ pé tó bá fi di ọjọ́ Jímọ̀ tí eré ò dáwọ́ dúró, orúkọ rẹ máa jáde. O mọ́kàn le, ò ń sunkún lórí ibùsùn, o ò dìde. Èmi ìyá rẹ wá wà lójú títì, mò ń fi ẹsẹ̀ ara mi pa orúkọ rẹ rẹ́.

Ó wá di Jímọ̀ tó kọjá. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó mọ́ tónítóní ti ọ̀nà Aṣèjíire bọ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ẹni tó ń wà á gbé fóònù síwájú, ó ń wo ọ̀tún wo òsì. Ọkọ̀ tó bá ń rìn báyẹn, ebi ló ń pa ẹni tó wà nínú rẹ̀. Mo gbá tọ̀ ọ́. Ó wo fóònù, ó wò mí, ó tẹ iná mọ́ ọkọ̀ díẹ̀. Èmi náà tẹ iná mọ́ ẹsẹ̀. Ó dúró lójijì, mo ti ré kọjá kí n tó lè dá ara mi dúró, mo yípo, mo padà dé ẹnu fèrèsé, mo ní ẹ káàbọ̀ sà, ó gbóná, ó láta. Kò wo dòdò. Ó ní màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rìn lọ sọ́hùn-ún kí ẹ tún padà. Mo rìn, mo padà. Ó ń wo fóònù. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré díẹ̀. Mo ní ọ̀gá, wọn kì í ra dòdò báyìí níbí. Ìgbà náà lojú rẹ̀ kan aago ọwọ́ mi. Ó pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí.

Ó wá ní níbo ni Humairah wà. Ọmọ mi, kí n má purọ́ fún ọ, ọkùnrin tó mọ́ ara, tó mọ́ ọkọ̀, tó dá orúkọ ọmọ mi tí kò tíì relé ọkọ, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Mo tún gèlè mi wé. Mo ní ó wà ní Èkó, ó ń sinmi, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì mọ ọbẹ̀ sè. Ìyá Ọláníyì ń fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní òun ni Kóòṣì Barnabas. Mo ní à á, ìwọ lo jù wọ́n sómi.

A jókòó sábẹ́ bùkà, ó fi hàn mí. Kókó róbótó kan ń bẹ lójú fóònù rẹ̀, tí mo bá sún sọ́tùn-ún, òun náà á sún díẹ̀, tí mo bá rìn, ó ń tẹ̀lé mi. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe ìsinmi ni aago ń kà, ìṣísẹ̀ ni. Ó ní láti ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ìṣísẹ̀ ẹni tó wọ aago yìí ju ti gbogbo ọ̀dọ́ tí òun ń kọ́ lọ, kódà èyí tó gbégbá orókè nínú wọn. Ó bi mí lọ́jọ́ orí. Mo ní mo ti lé lọ́gọ́ta, bí ìyá mi ṣe kà á fún mi. Ó ní kí n mí, kí n jókòó jẹ́jẹ́, ó wo bí àyà mi ṣe ń lù, ó wá dìde dúró níwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ó ní òun ti ń wá ibi tí Humairah ti rí agbára rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, òun ò mọ̀ pé Ìbàdàn síbí ni.

Ibẹ̀ náà ló ti pè ọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí o má bínú, o ti sinmi dé ọjọ́ kọkàndínlógún, orúkọ rẹ kò jáde, kò sì ní í jáde. Mo gbọ́ bí o ṣe bú sẹ́kún, mo wá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní o ò jalè, ọmọ mi, o ò jalè. Kò pẹ́ tí gbogbo ibùdókọ̀ fi gbọ́ pé ìyá oníṣòwò dòdò sáré ju àwọn eléré Èkó lọ. Àwọn dírẹ́bà ń fun fèrè, ìyá Ọláníyì dá orin ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sálásí dé náà bá a gbè é, èmi sì jó pẹ̀lú àtẹ lórí, ẹyọ dòdò kan ò já bọ́. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo bí ọ.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, kóòṣì ń jẹ dòdò, ata ń yọ omi lójú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi ìdí tí òun fi ń pariwo ìsinmi. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn ń sáré ni ẹsẹ̀ ń lágbára, ọjọ́ tó jókòó ni. Mo ní ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí bàbá Humairah bá gbé ti oko dé lónìí, mi ò lè dín in lọ́la. Màá bò ó, màá fi í sílẹ̀, á pọ́n, á rọ̀, èèpo rẹ̀ á dúdú, ẹni tí kò mọṣẹ́ á ní ó ti bàjẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ata àti iyọ̀ máa wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú gé e, dòdò lásán ló máa dín, kì í ṣe dòdò Ìkirè. Ó ní kí n dúró, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó ní màmá, ẹ̀yin ńkọ́, ọjọ́ wo lẹ máa ń sinmi?

Mo ṣí ẹnu. Mo ka ọjọ́ Ajé, mo ka Ìṣẹ́gun. Mo ní bóyá Jímọ̀, mo rántí pé mo máa ń padà sójú títì lẹ́yìn ìrun. Mo ní bóyá ọjọ́ Ìsinmi, ìyá Ọláníyì ní ọjọ́ tí òun bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló ń bá òun ta tòun? Kóòṣì sanwó dòdò, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ó dùn mí, Humairah. Mo ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi náà á sinmi. Mo tẹ́ ẹní, mo jókòó. Kò tó àkókò tí omi ẹ̀kọ fi ń hó, mo ti dìde gbálẹ̀. Mo tún jókòó. Mo dìde fọ ìkòkò tí kò dọ̀tí. Mo jókòó. Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ látọ̀ọ́kán, mo ti ń wá bàtà. Kí n tó mọ̀, mo ti wà níbùdókọ̀ láìgbé àtẹ, mo kàn dúró ń wo ọkọ̀. Ìyá Ọláníyì lé mi padà sílé bí ẹni ń lé adìẹ. Mo tún jókòó, ó wá ń ṣe mí bí ẹni tó ń jalè.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọ̀rọ̀ rẹ, ibẹ̀ náà ni mo ti rí ejò náà. Ẹ̀yìn rẹ ni mo ti ń wá a láti ọjọ́ yìí, ẹ̀yìn tèmi ló ti wá. Ọmọ oṣù mẹ́ta lo wà tí mo fi ọ̀já gbà ọ́ mọ́ ẹ̀yìn, tí mo padà sí ìdí ọkọ̀. Orí ẹ̀yìn mi lo ti kọ́kọ́ sáré. Bí mo bá dúró, o ń ké, bí mo bá sáré, o ń sùn. Ẹni bí ni là ń jọ. Kò sí ẹni tó ń lé ọ, ọmọ mi, ìyá rẹ lò ń tẹ̀ lé, mo sì ń bẹ̀ ọ́ kí o foríjì mí, ọkọ̀ ló ń yára, owó ilé ìwé rẹ sì wà lẹ́nu fèrèsé rẹ̀.

Lánàá Ọjọ́bọ̀, mo tún gbìyànjú. Mo jókòó láti àárọ̀ dé ìrun ọ̀sán, mo wo àwọn ọmọ ewúrẹ́ mẹ́ta yẹn tí wọ́n ń mu ọmú, mo sì rí i pé èyí tó kéré jù ní àmì dúdú létí, mi ò rí i tẹ́lẹ̀. Ìyá Ọláníyì bá mi ta àtẹ mi. Ó tà á tán, ohunkóhun ò bàjẹ́, ìyẹn náà dùn mí díẹ̀. Bàbá rẹ ti oko dé, wọ́n bá mi níjòókòó, wọ́n bi mí bóyá àìsàn ni. Mo ní rárá, ìsinmi ni. Wọ́n jókòó tì mí, ó dára gan-an.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n rẹ nìyí, ó ku méjì. Má jẹ́ kí ó já mọ́ ọ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, màá fi aago àti fóònù rẹ̀ rán dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá, pẹ̀lú dòdò ńlá mẹ́rin, ọ̀kan fún kóòṣì, àti bàtà eré rẹ. Má bínú pé bàtà náà ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ó wá ku ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Fi owó àga kan ránṣẹ́. Mi ò fẹ́ bẹ́ǹṣì, mi ò fẹ́ oníke tó máa ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀, àga onígi tó ní ẹ̀yìn tó sì ní apá ni, èyí tó ṣeé ká kí n lè gbé e wọ ọkọ̀. Káfíńtà ọ̀nà Àpòmù ti wọn ìdí mi. Ọjọ́ tí o bá máa sá máratọ́ọ̀nù, ibi tí eré ti ń parí ni mo fẹ́ gbé e sí, kí o rí mi níjòókòó nígbà tí o bá ń bọ̀, kí o mọ̀ pé ibi tí ò ń sá bọ̀ nìyẹn. Bí owó bá ṣẹ́kù, bàbá rẹ ní kí o fi ra aṣọ tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, torí omi yẹn.

Ọlọ́run tó dá ìrọ̀lẹ́ fún àárọ̀ yóò dá ìsinmi fún iṣẹ́ rẹ. Orúnkún rẹ á rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, á sì le bí igi ìrókò lọ́jọ́ tí o bá nílò rẹ̀. O ò ní sáré tì, o ò ní jókòó tì. Ohun tí mo lé tí ọwọ́ mi ò tẹ̀, ìwọ á bá a níbi tó ti dúró dè ọ́.

Mo ní kí n sọ fún ọ kí n tó pa ìwé yìí dé. Aago ti gbọ̀n báyìí lọ́wọ́ mi, ìyá Ọláníyì sì ti kà á. Ó ní mo ti jókòó pẹ́ jù, kí n dìde kí n rìn díẹ̀. Mi ò dìde.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìlífátù.